Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Rí Ẹgbẹ́ Olórin Indie Rock Tuntun, Kí Àwo Orin Wọn Má Sì Máa Bọ́ Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Ẹ mú àwo orin kan ṣoṣo. Kó jẹ́ ti ẹgbẹ́ indie rock kan tí ẹ fẹ́ràn débi pé ẹ mọ ibi tí onílù ti máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí orin tó tún gbéra. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ nílò láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá olórin tuntun kì í gba ibí yìí wọlé. Wọ́n á ṣí áàpù, wọ́n á tẹ àkójọ tó ní ọgọ́rùn-ún orin, wọ́n á máa fò látorí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, nígbà tó bá fi máa di alẹ́, orúkọ ẹyọ kan kò dúró sí wọn lọ́kàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Orin tó jọ èyí tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ń rí gbà ṣáá, nítorí ohun tí etí mi ti gbọ́ kọjá ni ẹ̀rọ fi ń yan èyí tó kàn fún mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn orin ni ọ̀nà là. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Gbùrù tí a máa fà níbí ni orúkọ èèyàn: ẹni tó lu ìlù, ẹni tó gba orin sílẹ̀, ẹni tó fowó tẹ àwo náà, ẹni tó kọ́kọ́ fi í sí orí rédíò.

Kí a tó gbéra

Ó yẹ ká mọ ohun tí indie jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà yìí ti wá. Ọ̀rọ̀ náà jáde láti ara independent, ìyẹn ẹni tó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Ní ìparí ọdún 1976, ẹgbẹ́ Buzzcocks láti Manchester yá owó lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n fi gba orin mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n tẹ 1,000 ẹ̀dà, wọ́n sì gbé e jáde fúnra wọn ní oṣù kìn-ín-ní 1977. Ẹ̀dà náà tán, wọ́n tún tẹ òmíràn, àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rí i pé kò pọn dandan kéèyàn máa dúró de ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ní London. Ṣọ́ọ̀bù Rough Trade, tó ti ṣí ní London ní 1976, ń ta irú àwo bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1978, òun náà dá ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde sílẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní lébẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn àwo indie tó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ẹgbẹ́ tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn kò lówó tí yóò fi lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri ìgboro. Ìròyìn rẹ̀ kì í wá bá yín nílé. Láti ẹnu ẹnì kan sí etí ẹlòmíràn ló ń gbà, àfi kí ẹ lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́yìn àwo

Ẹ jẹ́ ká fi àwo kan ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Waxahatchee, orúkọ tí Katie Crutchfield fi ń kọrin, gbé Tigers Blood jáde lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì ANTI-. Ká sọ pé òun ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yí i padà, ẹ ka orúkọ. Onígìtá tó tún ń bá Crutchfield gbe orin ni MJ Lenderman. Ẹ wá orúkọ yẹn lọ: ó ní àwo tirẹ̀, Manning Fireworks, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Òun náà ló ta gìtá nínú Rat Saw God, àwo tí ẹgbẹ́ Wednesday láti ìlú Asheville ní North Carolina gbé jáde ní 2023. Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń gba àwo méjèèjì yìí sílẹ̀? Alex Farrar ni, ní sítúdíò Drop of Sun ní Asheville níbẹ̀. Ta tún ni Farrar ti bá ṣiṣẹ́? Indigo De Souza. Ó yá, ẹ padà sórí Tigers Blood. Pùròdúsà rẹ̀, ìyẹn ẹni tó darí bí wọ́n ṣe ṣe àwo náà, ni Brad Cook, òun kan náà ló bá Snail Mail ṣe Valentine ní 2021. Onílù rẹ̀ ni Spencer Tweedy, ọmọ Jeff Tweedy tó ń darí ẹgbẹ́ Wilco. Àwo ẹyọ kan ti fún yín ní Lenderman, Wednesday, De Souza, Snail Mail àti Wilco. Ẹ lè gbọ́ wọn títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó bá yín yàn wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn márààrún kò dún bákan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí gan-an nìyẹn. Ohùn Wednesday le koko, gìtá wọn ń bú, nígbà tí ti Waxahatchee ń rọ́ra lọ bí ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wá orin tó jọra lè má so wọ́n pọ̀ láéláé. Àwọn olórin ló so ara wọn pọ̀ torí pé wọ́n gbádùn iṣẹ́ ara wọn, etí olórin sì mọ orin ju etí tèmi tàbí tiyín lọ.

Níbo lẹ ti máa rí orúkọ? Tó bá jẹ́ àwo gidi ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yìn páálí rẹ̀ àti ìwé tó wà nínú rẹ̀ ló wà. Nínú áàpù, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ credits sí. Àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pé, nítorí náà ẹ lọ sí ìkànnì Discogs. Láti ọdún 2000 ni àwọn olólùfẹ́ àwo ti ń da ohun tó wà lẹ́yìn páálí kọ síbẹ̀, títí dórí ẹni tó fọn fèrè nínú orin kẹfà. Ẹ tẹ orúkọ onílù kan níbẹ̀, gbogbo àwo tó ti lu ìlù sí ni yóò tò sílẹ̀ fún yín ní ọdọọdún.

Ẹni tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn gìtá fi dánra wò ni Steve Albini, tó kú ní oṣù karùn-ún 2024. Kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní pùròdúsà. Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ni ó máa ń pe ara rẹ̀, kì í sì í bá ẹgbẹ́ olórin pín nínú èrè tí àwo wọn bá mú wá. Òun ló gba Surfer Rosa sílẹ̀ fún Pixies ní 1988, Pod fún Breeders ní 1990, àti Rid of Me fún PJ Harvey ní 1993. Ẹ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra. Ẹ fetí sí ìlù nìkan. Yóò máa dún bíi pé inú yàrá kan náà lẹ wà pẹ̀lú onílù, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí ògiri ṣe jìnnà tó. Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìlù lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orúkọ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lè mú mi dé ibi tí orúkọ akọrin kò lè mú mi dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan lébẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, kì í ṣe ọgbọ̀n

Lébẹ́ẹ̀lì indie sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan tàbí méjì tí etí wọn kò lè gba kí orin kan kú sínú yàrá. Merge bẹ̀rẹ̀ ní 1989 láti ọwọ́ Mac McCaughan àti Laura Ballance, àwọn méjì tó wà nínú ẹgbẹ́ Superchunk, torí pé wọ́n fẹ́ gbé orin tiwọn àti ti ọ̀rẹ́ wọn jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní 2004, àwọn ló gbé àwo àkọ́kọ́ Arcade Fire, ẹgbẹ́ láti Kánádà, jáde. Ní oṣù kejì 2011, àwo kẹta ẹgbẹ́ yẹn, tí Merge gbé jáde ní Amẹ́ríkà, gba àmì ẹ̀yẹ Grammy fún àwo tó dára jù lọ́dún. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé Merge láti ìgbà Superchunk kò nílò Grammy kó tó mọ̀ wọ́n.

Lébẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, bí ọbẹ̀ ṣe ń jọ ọwọ́ ẹni tó sè é. Flying Nun, tí Roger Shepherd dá sílẹ̀ ní Christchurch ní New Zealand ní 1981, ni ẹ óò ti gbọ́ gìtá tó ń dán gbinrin, tó ń dún bí ẹní fi ìka gbá etí ife: The Clean, The Chills, The Bats. 4AD, tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1980, fẹ́ràn orin tó dà bí àlá. Domino, tí Laurence Bell dá sílẹ̀ ní 1993, ní etí fún akọrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwo àkọ́kọ́ Arctic Monkeys ti jáde ní 2006, tó tà ju 360,000 ẹ̀dà lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ọ̀dọ̀ wọn náà ni ti Wet Leg ti jáde ní 2022. Ti Sub Pop ní Seattle àti Matador ní New York, ẹ óò bá orúkọ wọn pàdé níbi gbogbo.

Bí ẹ óò ṣe yan mẹ́ta nìyí. Ẹ mú àwo márùn-ún tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó gbé wọn jáde. Èyí tó bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó wọlé nìyẹn. Bí kò bá sí èyí tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yan èyí tó kéré jù lára wọn, torí ohùn lébẹ́ẹ̀lì kékeré máa ń ṣe kedere ju ti ńlá lọ. Ẹ lọ sí ìkànnì wọn, ẹ gbọ́ àwo tuntun méjì àti ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì yín sílẹ̀ fún lẹ́tà ìròyìn wọn. Mo mọ̀ pé ímeèlì ti ń sú èèyàn. Síbẹ̀ òun nìkan ló ń dé ọwọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kan jókòó sáàárín tó ń pinnu bóyá kí ẹ rí i tàbí kí ẹ má rí i.

Gbígbẹ́kẹ̀ lé etí lébẹ́ẹ̀lì báyìí ti pẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1988, Sub Pop bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùrà kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń san owó sílẹ̀, tí wọ́n á sì máa fi àwo kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Àwọn tó sanwó kò mọ olórin tó ń bọ̀. Etí Sub Pop ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Àwo àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ wọn, 1,000 ẹ̀dà péré, jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀, Nirvana.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọ inú Bandcamp, ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn rà

Ẹgbẹ́ tí kò tíì ní lébẹ́ẹ̀lì rárá ńkọ́? Bandcamp ni ẹ óò ti rí wọn. Láti 2008 tó ti ṣí ni ẹnikẹ́ni tó bá ní gìtá àti kọ̀ǹpútà ti lè fi orin rẹ̀ síbẹ̀ kó sì máa tà á. Ní 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Virginia, Will Toledo, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo rẹ̀ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ ohùn òun, nítorí náà inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìdílé wọn ló ti ń kọrin, ibẹ̀ sì ni orúkọ Car Seat Headrest ti wá. Ó tó ọdún márùn-ún kí Matador tó gbà á wọlé ní 2015. Ẹni tó ń wá kiri inú Bandcamp ní 2011 ti gbọ́ Twin Fantasy ní ọdún méje kí Toledo tó tún un gbà sílẹ̀ látòkè délẹ̀, tí Matador sì gbé e jáde ní 2018.

Ohun tó wúlò jù níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò, kò ju àwòrán pínńpín lọ. Lábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí àwòrán kéékèèké àwọn tó ti rà á. Àwọn kan kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, wọ́n tún sọ orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ wá ẹni tó yan orin kan náà tí ẹ̀yin ì bá yàn. Ẹ tẹ àwòrán rẹ̀. Gbogbo àwo tó ti fowó ara rẹ̀ rà látọdún wá ló tò síbẹ̀ yẹn, bí ìgbà téèyàn wọ pálọ̀ ẹlòmíràn tó ń wo pẹpẹ àwo rẹ̀. Owó ti kúrò lápò ẹni yìí kí àwo tó dé orí pẹpẹ, ohun tí mo fi ka yíyàn rẹ̀ sí pàtàkì nìyẹn. Mo ti rí olórin tó pọ̀ lórí pẹpẹ àwọn àjèjì wọ̀nyí ju èyí tí mo rí nínú àkójọ orin kankan lọ.

Nígbà tí ẹ bá rí ẹgbẹ́ tó wù yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Follow lójú-ewé wọn, kí ìròyìn àwo wọn tó ń bọ̀ lè máa wá sínú ímeèlì yín. Bí apá bá sì ká a, ẹ rà á. Bandcamp máa ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tí wọ́n bá tà níbẹ̀, ìdá 10 lórí àwo gidi àti aṣọ. Àwọn ọjọ́ Ẹtì kan wà tí wọn kì í mú nǹkan kan, tí wọ́n ń pè ní Bandcamp Friday. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn gbogbo ibi eré. Bí ẹ bá máa rà, ẹ dúró de ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè fọkàn tán

Láti 1967 títí ó fi kú ní 2004, John Peel jókòó sí BBC Radio 1, ó ń fi orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ sétí ìlú. Ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ wá sí sítúdíò láti ṣe eré, irú eré bẹ́ẹ̀ sì ju 4,000 lọ kó tó kú. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe ètò rédíò o, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ àwọn èèyàn pé ẹnì kan tí etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lè jẹ́ ilẹ̀kùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Lónìí, BBC Radio 6 Music tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2002 ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni KEXP, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Seattle. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló ń yan orin fúnra wọn, bí orin sì ṣe ń lọ ni orúkọ olórin, àwo, lébẹ́ẹ̀lì àti ọdún ń jáde lójú-ewé wọn. Ẹ fi wákàtí kan gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra. Bó bá wù yín lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, ẹ dúró tì í. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbìyànjú ẹlòmíràn. Fídíò eré tí wọ́n ń ṣe nínú sítúdíò wọn wà lórí YouTube, ó sì dára fún ìdí kan: ẹ óò rí ọwọ́. Ẹ óò rí ẹni tó ń ta kíni, ẹni tó ń wo ojú onílù kó tó yí orin padà. Ẹgbẹ́ tí ojú wọn ń wá ara wọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà já èèyàn kulẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ìsàlẹ̀ pósítà

Lórí pósítà àjọ̀dún orin, lẹ́tà ńlá wà lókè fún àwọn tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ lọ sí ìlà méjì tó kẹ́yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé ẹ gbọ́dọ̀ fà á mọ́jú lórí fóònù. Àjọ̀dún mẹ́ta ló wà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ pósítà ni gbogbo wọn, kí á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹgbẹ́ tuntun ni wọ́n dìídì ń pè: Eurosonic ní Groningen ní oṣù kìn-ín-ní, South by Southwest ní Austin ní oṣù kẹta, The Great Escape ní Brighton ní oṣù karùn-ún. Kò pọn dandan kí ẹ lọ. Orúkọ àwọn tí wọ́n pè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn. Ẹ yan ogún nínú wọn láìmọ nǹkan kan nípa wọn, ẹ gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan.

Ilé eré kékeré náà ń sọ̀rọ̀. The Windmill ní Brixton, ní gúúsù London, kò ju ilé ọtí kan lọ, ṣùgbọ́n orí ìtàgé rẹ̀ ni ẹgbẹ́ márùn-ún, Shame, Goat Girl, black midi, Squid àti Black Country, New Road, ti gbọ́n eré ṣíṣe kí àwo wọn tó jáde láàárín 2018 àti 2021. Nínú wọn, black midi, Squid àti Black Country, New Road ló ti bá pùròdúsà Dan Carey ṣe síńgùlù, ìyẹn orin ẹyọ kan tó ń dá jáde, fún lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, Speedy Wunderground. Carey yìí kan náà ló tún ṣe pùròdúsà àwo àkọ́kọ́ Fontaines D.C. ní 2019, ó sì wà nídìí ti Wet Leg tí mo dárúkọ lókè. Ṣé ẹ rí i bí igbó ṣe ń wọ́ tẹ̀ lé gbùrù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi ọjọ́ Ẹtì ṣe ọjọ́ ọjà

Títí di 2015, ọjọ́ Ajé ni àwo tuntun ń jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Amẹ́ríkà. Láti 10 oṣù keje ọdún yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ orin ti fẹnu kò sí ọjọ́ Ẹtì fún gbogbo ayé. Nítorí náà ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ má sì jẹ́ kó ju wákàtí kan lọ.

Àwo kì í sábà jáde láìsí ìkìlọ̀. Síńgùlù kan ló máa ń ṣáájú, ọjọ́ tó bá jáde náà ni wọ́n sábà máa ń kéde orúkọ àwo àti ọjọ́ rẹ̀, tó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta sígbà yẹn. Síńgùlù kan tàbí méjì á tún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwo á wá dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù ni àárín yẹn: a gbọ́ síńgùlù, ó dùn, a gbàgbé. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti gbọ́ síńgùlù, ẹ kọ ọjọ́ àwo sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín. Bí ẹ bá ń lo Spotify, Release Radar, àkójọ orin tuntun tí áàpù náà ń tò fún yín, máa ń yí padà ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn olórin tí ẹ ti tẹ Follow fún ló ń fi ṣáájú, nítorí náà kí ẹ kàn fi orin pa mọ́ nìkan kò tó.

Ìwé kékeré kan ni mo fi ń ṣe tèmi. Ìlà kan fún àwo kan: orúkọ ẹgbẹ́, àwo, ọjọ́, lébẹ́ẹ̀lì, àti ohun tó mú mi débẹ̀. Ọ̀kan nìyí: Geese, Getting Killed, 26 oṣù kẹsàn-án 2025, Partisan, mo gba ọ̀dọ̀ Fontaines D.C. dé ibẹ̀. Partisan ló gbé àwo àkọ́kọ́ Fontaines D.C. jáde, èmi sì ń tẹ̀ lé lébẹ́ẹ̀lì náà nìṣó. Abala tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ óò rí ọ̀nà tó ń mú yín dé ibi tó dára àti èyí tó ń fi àkókò yín ṣòfò, ẹ ó sì lè pa ọ̀kan tì.

Àwọn kan wà tí kàlẹ́ńdà kò lè mú. Ní 29 oṣù kẹta 2024, Cindy Lee, orúkọ tí Patrick Flegel fi ń kọrin, gbé Diamond Jubilee jáde, orin 32, wákàtí méjì. Nígbà tó jáde, kò sí nínú Spotify, kò sí nínú Apple Music. Fáìlì tí èèyàn lè gbà sílẹ̀ lórí ìkànnì kan tó rí bí ti ayé àtijọ́ àti fídíò gígùn kan lórí YouTube ni. Síbẹ̀ ó wà lára àwọn àwo tí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù lọ́dún náà. Ẹnu èèyàn ló gbé e kiri, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ ní ọ̀rẹ́ kan, kó jẹ́ ẹyọ kan péré, tí ẹ̀yin méjèèjì á máa fi orin ránṣẹ́ síra yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbọ́ ọ délẹ̀

Ẹ má fi orin kan dá àwo lẹ́jọ́. Látòkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ máa rìn tàbí kí ẹ máa fọ abọ́. Ìgbà kejì, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin níwájú yín. Ìgbà kẹta, ẹ fi gbohùngbohùn sétí, ẹ tẹ̀ lé ohun èlò kan ṣoṣo. Ẹ lè ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ lẹ́yìn ìgbà kejì, kì í ṣe ṣáájú. Ní àwọn ìkànnì orin bíi Pitchfork, Stereogum tàbí The Quietus, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ mú, bí wọ́n bá fún àwo ní máàkì, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn nínú oṣù, èmi kì í gbọ́ àwo tuntun. Mo máa ń padà sórí ìlà tí mo ti fi àmì ìbéèrè sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rat Saw God, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni "ariwo pọ̀ jù". Ní ìgbà kẹrin tí mo gbọ́ ọ, lábẹ́ gbogbo ariwo gìtá yẹn, mo gbọ́ gìtá irin tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan ta, tó ń fa ohùn bí ẹni tó ń sunkún ní yàrá kejì. Mo fi bírò fa ìlà sórí ohun tí mo ti kọ, mo wá ẹ̀yìn àwo lọ, mo kọ orúkọ ẹni tó ta á sábẹ́ rẹ̀: Xandy Chelmis.